Ṣé Kí Bàálù Máa Fò Láìsí Ọmọ Kékeré Nínú Ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ wa sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá nìyí. Àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ síbí kí àwọn náà lè rí i kà, mo sì kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, ibi tí mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo wá fi ìbéèrè mẹ́ta tí wọ́n bi mí sí ìsàlẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọmọ Alárè, ọmọ Awùjalẹ̀. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí mi. Púpọ̀ nínú yín mọ ṣọ́ọ̀bù mi, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ni mò ń tà, ó ti pé ọdún 17 báyìí, kò sì sí ilé kan ládùúgbò wa tí mi ò tíì bá wọn ṣètò ìrìn àjò ọmọ kan tàbí ìyá kan rí.

Nǹkan tó bí ọ̀rọ̀ tòní ni pé, lóṣù tó kọjá, èèyàn méjì wọlé tọ̀ mí wá láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìyá àgbà kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó ló kọ́kọ́ dé, ọmọ ẹ̀ obìnrin bímọ sí Manchester, màmá fẹ́ lọ wẹ ọmọ, tó bá sì ń bọ̀, òun àti ìyá ọmọ á jọ gbé ọmọ náà wálé kí àwọn ẹbí lè fojú rí i. A ò tíì sọ̀rọ̀ dé ibi owó tí ẹnì kejì fi wọlé, ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń lọ ra ọjà lókè òkun, oníbàárà mi ni látọjọ́ pípẹ́, bó ṣe jókòó ló ní, “Màmá, ṣé kò sí fúláìtì kankan tí wọn kì í gbé ọmọ kékeré ni? Ẹ bá mi wá a, tó bá máa gba kí n fi owó lé e, màá fi lé e.” Ìyá yẹn wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń tún gèlè ẹ̀ wé. Èmi náà ò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ yẹn, mo kàn ní kò sí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, mo gbé e délé, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí mo rò ó dé ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí kó má di pé mò ń yí yín kiri: mi ò fara mọ́ ọn pé kí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa ṣe fúláìtì tí ọmọdé ò ní lè wọ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò gbà pé ẹni tó ń wá ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jẹ́ èèyàn burúkú tàbí ẹni tó kórìíra ọmọ. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ohun tí mo rí sí i ni pé à ń fi ọ̀rọ̀ ìrora ṣe ọ̀rọ̀ ìwàkíwà, a sì ń fẹ́ lé ẹni tí nǹkan ń dùn jáde nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ń dùn ún gan-an kò ṣòroó rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nílẹ̀ ná. Láti ọdún 17 yìí, mi ò tíì ta tíkẹ́ẹ̀tì fúláìtì kan tí wọ́n ní ọmọdé ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Èyí tó wà ni pé kí wọ́n gé apá kan nínú bàálù sọ́tọ̀ fún àgbà. Malaysia Airlines dá ariwo sílẹ̀ ní 2011, wọ́n ní àwọn ò gba ọmọ ọwọ́ mọ́ ní first class inú Boeing 747 àwọn, torí àwọn tó ń san owó gọbọi níbẹ̀ ń ráhùn pé oorun ò kun àwọn. Nígbà tó di 2012 tí wọ́n gba bàálù A380, èyí tó ní òkè àti ìsàlẹ̀ bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní ọmọ tí ò tíì pé ọdún 12 ò ní jókòó sí ìkọ́nọ́mì òkè, ìyẹn síìtì olówó pọ́ọ́kú tó wà lókè. AirAsia X, iléeṣẹ́ Malaysia míì, gbé tiwọn dé ní 2013, wọ́n pè é ní Quiet Zone, ìyẹn ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́, Scoot ti ilẹ̀ Singapore ṣe é lọ́dún yẹn kan náà, ó wá di 2016 kí IndiGo ti Íńdíà tó ṣe é, ọdún 12 náà ni gbogbo wọn sì fi ṣe òṣùwọ̀n.

Èyí tí gbogbo ayé wá sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Corendon ní 2023. Láti Amsterdam lọ sí Curaçao, erékùṣù kan lọ́hùn-ún ní Karibíánì, ìrìn bíi wákàtí mẹ́wàá, wọ́n ya iwájú bàálù Airbus A350 sọ́tọ̀ fún ẹni tó ti pé ọdún 16 sókè, owó tí èèyàn máa fi lé tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ nígbà náà jẹ́ 45 euro fún àlọ nìkan, tó bá fẹ́ síìtì ńlá, 100 euro. Wọ́n fi ògiri àti kọ́tìnnì pààlà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé yàrá kan rí tẹ́ ẹ fi kọ́tìnnì là á sí méjì, ẹ mọ bí kọ́tìnnì ṣe ń dá ohùn dúró. Nǹkan tó ń tà fún wọn gan-an ni pé ojú ò ní rí ọmọ, kò sì ní sí ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ gbá síìtì èèyàn lẹ́yìn, ìyẹn náà tó owó fún ẹlòmíì, mi ò sọ pé kò tó. Ti Japan Airlines ló dùn mọ́ mi díẹ̀, ní 2019 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ojú ọmọ kékeré kan sí orí máàpù síìtì, ibi tí ẹni tó gbé ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì bá ti mú síìtì, wàá rí àmì ẹ̀ níbẹ̀, tó ò bá fẹ́, o lọ mú ibòmíì. Wọn ò lé ẹnikẹ́ni, ìwọ tó ò fẹ́ lo gbé ara ẹ kúrò níbẹ̀. Àwọn kan bínú sí i pé ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi àmì sára ìyálọ́mọ, mo gbọ́ tiwọn, àmọ́ nínú gbogbo ẹ̀, òun ló fi ọ̀wọ̀ hàn jù lójú tèmi.

Ó dáa, kí ló wá ń pa ọmọ lẹ́kún nínú bàálù? Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró lé díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó sú yín, torí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Tí bàálù bá ti gòkè tán, ó lè wà ní bíi 35,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn ò lè mí in, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń ti afẹ́fẹ́ sínú bàálù, àmọ́ wọn kì í tì í débi tó fi máa rí bí ti ilẹ̀ níbí, wọ́n máa ń fi sílẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ibi tó ga tó 6,000 sí 8,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Jos rí, Jos ò ju bíi 4,000 lọ. Ìyẹn ni pé inú bàálù ga ju Jos lọ lójú etí yín. Tó bá wá kù bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ká balẹ̀, bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo padà. Ẹ ṣe é wò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́: ẹ mu omi inú ike tán lókè, ẹ dé e pinpin, ẹ jù ú sí báàgì. Tẹ́ ẹ bá balẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ máa rí i pé ó ti tẹ́ wọnú, ó ti rún bí ìgbà tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án. Afẹ́fẹ́ ló tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe tẹ ike yẹn náà ló ń tẹ ìlù etí wa wọnú.

Èmi àti ẹ̀yin, tá a bá gbọ́ “pọ́”, a ti mọ̀. Àá gbé itọ́ mì, àá yán, àá jẹ ṣìngọ́ọ̀mù, ihò tín-ín-rín kan wà tó so ẹ̀yìn ìlù etí mọ́ ọ̀fun, tá a bá ti gbé nǹkan mì, á ṣí fìrí, afẹ́fẹ́ á wọlé, etí á sinmi. Ti ọmọ ọwọ́ tín-ín-rín ju tiwa lọ, ó tún sùn gbalaja, kò dàgẹ̀rẹ̀ bíi ti àgbà, kì í tètè ṣí, tí ọ̀fìnkìn bá wá ń ṣe é, ó ti dí pátápátá. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún ọmọ oṣù márùn-ún pé “gbé itọ́ mì.” Etí ń dùn ún, kò mọ ohun tó ń ṣe òun, ó figbe ta. A máa ń pa á lówe pé ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Òwe yẹn dáa fún ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣe. Ọmọ oṣù márùn-ún tí etí ń ro ò fi oorun du ẹnikẹ́ni.

Ìwòsàn ẹ̀ ò sì gba owó. Kí ọmọ máa gbé nǹkan mì nígbà tí bàálù bá ń gòkè àti nígbà tó bá ń bọ̀ wálẹ̀, àgàgà ìgbà tó bá ń bọ̀ wálẹ̀, torí ìgbà yẹn ló ń dùn jù. Ọmú, fídà, rọ́bà tí wọ́n máa ń fi sẹ́nu ọmọ, èyíkéyìí. Àṣìṣe tí mo rí pé àwọn ìyá wa ń ṣe ni pé wọ́n á fún ọmọ lọ́mú dáadáa nínú ẹ́apọ́ọ̀tù, ọmọ á yó, ìgbà tí wọ́n bá wá nílò ọmú yẹn gan-an, ọmọ ò gbà á mọ́. Ẹ jẹ́ kó kù díẹ̀ nínú ikùn ẹ̀. Àṣìṣe kejì ni pé ọmọ sùn, inú ìyá ẹ̀ dùn, ó jẹ́ kó sùn títí bàálù fi ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá sùn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé itọ́ mì, irora lá á jí i. Ẹ jí i tí awakọ̀ bá ti kéde pé a ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀ẹ́, kí n tó gbàgbé, èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù. Àwọn kan máa ń wá bi mí pé oògùn wo làwọn lè fún ọmọ kó lè sùn lójú ọ̀nà, ẹlòmíì ti ra Piriton tàbí oògùn ikọ́ sínú báàgì kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Oògùn yẹn lè mú mímí ọmọ kékeré rọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nínú bàálù tí kò sí hósípítù nítòsí, ó tún máa ń ṣe òdìkejì lára àwọn ọmọ míì, dípò kí wọ́n sùn, ara wọn ò ní lélẹ̀, wọn ò ní sinmi rárá. Tí dókítà ọmọ yín ò bá sọ ọ́, ẹ má fún un.

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ, mo wọ fúláìtì alẹ́ láti Èkó lọ sí London, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Ọmọdébìnrin kan láti Òdògbolú wà ní ìlà iwájú mi, àkọ́bí ló gbé dání, wọ́n fi í sáàárín ọkùnrin méjì. Bàálù ò tíì gòkè tán tọ́mọ fi bẹ̀rẹ̀. Ó ké títí ojú ẹ̀ fi pọ́n, ìyá ẹ̀ ń jù ú sókè, ó ń kọrin fún un, ó ń rọra fọwọ́ lù ú lẹ́yìn, asán ni. Ọkùnrin tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀ wá jágbe mọ́ ọn, “Ṣé o ò lè mú ọmọ ẹ dákẹ́ ni? Gbogbo wa la sanwó o!” Ọmọdébìnrin yẹn náà bú sẹ́kún. Mo dìde, mo ní kó fún un lọ́mú, ó dáhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ojú ń ti òun láàárín ọkùnrin méjì. Kò sí ẹni tó bi í léèrè kí wọ́n tó fi í síbẹ̀ o, kọ̀ǹpútà ló pín síìtì. Mo ní kó wá jókòó sí tèmi létí fèrèsé, mo fi ìborùn mi bò ó. Ọmọ gbá ọmú mú, ó mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ti gbẹ látàná, kò pẹ́ tí gbogbo ẹ̀ fi rọlẹ̀.

Èmi wá jókòó sáàárín àwọn ọkùnrin méjì yẹn. Mo ti múra ìjà, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ sí èyí tó jágbe. Kí n tó lanu ló ní, “Ẹ má bínú, Màmá, ìyàwó mi wà ní hósípítù lọ́hùn-ún, láàárọ̀ ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, mi ò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta.” Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kú sẹ́nu mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dúró síwájú yín kí n sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò láàánú. Àwọn méjèèjì ló níṣòro lóru ọjọ́ yẹn, iléeṣẹ́ tó gbé wa ló yẹ kó ti rò wọ́n mọ́ ara wọn kó tó pín síìtì.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e wò bí ọlọ́jà. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń gbé wa lọ sí London kì í ju fúláìtì kan lójúmọ́ láti Èkó. Tí wọ́n bá ní ọjọ́ Tuesday àti Friday jẹ́ ti àgbà nìkan, ọjọ́ méjì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní ọmọ, ọjọ́ tó kù á há, tó bá há, owó ẹ̀ á gòkè, bó ṣe ń ṣe lásìkò Kérésì yẹn náà. Ìyálọ́mọ, ẹni tí owó ẹ̀ kéré jù nínú ọkọ̀, ni wọ́n á fi ìyà náà jẹ. Tí fúláìtì tọlọ́mọ bá wá bàjẹ́ ńkọ́, tí ẹ́ńjìnnì ní ìṣòro, tí wọ́n ní kí èrò máa lọ wọ ti ọjọ́ kejì, ọjọ́ kejì sì jẹ́ ti àgbà nìkan? Ṣé wọ́n á fi ìyá àti ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ sórí àga ní Ìkẹjà fún ọjọ́ méjì ni? Iléeṣẹ́ wo ló fẹ́ kí fọ́tò yẹn jáde lórí Facebook? Wọ́n á fi wọ́n sínú ẹ̀, ẹni tó sanwó fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ á ní kí wọ́n dá owó òun padà, ó di kóòtù. Àwọn iléeṣẹ́ mọ ìṣirò yìí ju èmi lọ, mo rò pé ìdí tí wọ́n fi mọ sórí gígé apá kan nìyẹn.

Tiwa níbí tún yàtọ̀. Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ta ni ò ní ọmọ lẹ́yìn odi? Ẹ lọ wo Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Ẹ wo àwọn regbéregbé bí wọ́n ṣe ń jáde lẹ́gbẹẹgbẹ́ nínú aṣọ tí wọ́n ti ń rán látọdún tó kọjá, ẹ wo àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin, ọmọ ọdún mẹ́ta mẹ́rin á wà níwájú bàbá ẹ̀ lórí gàárì, fìlà ti bo ojú ẹ̀, ó ń wò. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn, ọkọ̀ òfurufú ló gbé wọn dé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. London ló ti wá, Houston ló ti wá, Dublin ló ti wá. Ìgbà yẹn gan-an ni bàálù máa ń kún jù, ìgbà yẹn náà ni oníṣòwò á sọ pé kí wọ́n ṣe ti àgbà nìkan torí èrò tó lè sanwó pọ̀. Tí ọmọ ò bá rí síìtì wálé, ta ni ẹ fẹ́ kó jókòó lórí ẹṣin yẹn lógún ọdún sí i? Bàbá ẹ̀ á ti darúgbó nígbà náà o.

Ojú mẹ́rin ló ń bí ọmọ, igba ojú ló ń wò ó. Ẹ wọ ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Èkó, kí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ mú yín, kí oòrùn mú, kí ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Dẹ́rẹ́bà á ráhùn, òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn á ní “ẹ ṣí fèrèsé”, ẹlòmíì á ní “ẹ bá a tú aṣọ ọrùn ẹ̀”, ìyá kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí á ní “gbé e wá, jẹ́ n bá ẹ gbé e.” Ìyá kan náà yẹn tó bá wọ bàálù, á dákẹ́, á máa wo iwájú. Mo ti rò ó, mo rò pé bẹ́líìtì ló fà á, àti ẹ̀rù, àti pé a rò pé ibẹ̀ jẹ́ ilé àwọn òyìnbó, a ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé a ò mọ àṣà. Ọwọ́ wa ò yẹ kó kú níbẹ̀.

Kí ni mo wá fẹ́? Mo fẹ́ kí wọ́n fi ìyá àti ọmọ sójú kan láìgba kọ́bọ̀. Ní 2023, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìnnà gbé àtẹ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi iléeṣẹ́ tó ṣèlérí pé òun ò ní gba owó kí òbí tó jókòó ti ọmọ ẹ̀ hàn, ó dùn mọ́ mi, mo fẹ́ kí tiwa náà ṣe irú ẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù máa kéde, bí wọ́n ṣe ń kéde bẹ́líìtì, pé “ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ọmọ, ẹ fún wọn ní nǹkan mu, a ti ń sọ̀ kalẹ̀.” Gbólóhùn kan ni. Kí wọ́n gé ìlà mélòó kan níwájú tàbí lẹ́yìn fún ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kó sanwó ẹ̀, kò sí ìjà, àmọ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn jẹ́ fún gbogbo ẹnu, kì í ṣe fún ti ọmọ nìkan. Ọtí ti mú àgbàlagbà mélòó lójú wa nínú bàálù? Ta ló ń fi fóònù wo fíìmù láìfi nǹkan setí? Gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n ti fi sùn mí láti ọdún 17, ti àgbà ló pọ̀ jù.

JetBlue, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan ní Amẹ́ríkà, ṣe nǹkan kan ní 2016 fún ayẹyẹ Ọjọ́ Ìyá, láti New York lọ sí Long Beach, wọ́n ní gbogbo ìgbà tí ọmọ kan bá ké nínú fúláìtì yẹn, àwọn á yọ ìdá kan nínú mẹ́rin owó kúrò nínú tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo èrò lọ́jọ́ míì, tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ọ̀fẹ́. Ẹ lọ wo fídíò ẹ̀, ọmọ ń ké, èrò ń pàtẹ́wọ́. Ìpolówó ọjà ni, mo mọ̀. Ẹkún yẹn náà ni, etí tó ń gbọ́ ọ ló yàtọ̀.

Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Ṣàgámù ló kọ́kọ́ dìde, ó ní, “Ìyá, ṣebí òtẹ́ẹ̀lì wà lókè òkun tí wọn kì í gba ọmọ, kí ló dé tí bàálù ò lè ṣe é?” Ìbéèrè gidi ni. Mo ní bàbá, tí òtẹ́ẹ̀lì kan bá ní òun ò gba ọmọ yín, ẹ máa rí òmíì ní òpópónà kejì. Ọ̀nà Èkó sí London lóru ò ní òpópónà kejì, ẹni tó bá pàdánù ẹ̀ lè má bá wọn ṣe ìsìnkú ìyá ẹ̀. Ọkọ̀ jẹ́ ohun tí gbogbo ìlú ń wọ̀. Bàbá ní òun gbọ́, àmọ́ òun ṣì máa san 45 euro yẹn tí wọ́n bá gbé e dé. Mo ní kò burú, sà, tó bá jẹ́ apá kan lẹ ra.

Arákùnrin kan bi mí bóyá pápákọ̀ Gateway tó wà láàárín Ìperu àti Ìlíṣàn yìí lè bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀. Mo ní ìyẹn wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ni bàálù, kì í ṣe pápákọ̀, àmọ́ pápákọ̀ lè ṣe yàrá tí ìyá lè jókòó fún ọmọ lọ́mú, tí wọ́n á ti pààrọ̀ pámpáàsì ọmọ kó tó wọ bàálù, torí pámpáàsì tó tutù náà ń pa ọmọ lẹ́kún. Kí wọ́n fi sí ọkàn báyìí.

Ìyàwó kékeré kan ló bi mí kẹ́yìn, ìbejì ló bí, oṣù méje, ó fẹ́ gbé wọn lọ bá bàbá wọn ní London lóṣù August, òun nìkan. Mo bi í bóyá ẹnì kankan ti sọ fún un pé ọmọ kan ṣoṣo ni àgbà kan lè gbé sórí itan. Kò mọ̀. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì máa ń wà lórí itan, lọ́pọ̀ iléeṣẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àgbà ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀ fún ìrìn òkè òkun, ẹnì kejì nínú ìbejì á ní láti ní síìtì tiẹ̀ àti àga ọmọ tí wọ́n fọwọ́ sí, tàbí kí àgbà mìíràn gbé e. Bẹ́ẹ̀ kódà àgbà méjì tó gbé ọmọ méjì, lọ́pọ̀ bàálù wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n jókòó sí ìlà kan náà ní ẹ̀gbẹ́ kan, torí ìbòmú atẹ́gùn tó ń já bọ́ látòkè, ọ̀kan péré ló máa ń lé sí iye síìtì. Ìkan á wà níwájú, ìkan lẹ́yìn, tàbí kí wọ́n fi ọ̀nà àárín pààlà.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n wá ṣe?”

Mo ní kó mú màmá ẹ̀ dání. Ó ní màmá òun ò ní pásípọ́ọ̀tù. Mo ní kí màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Monday, kí wọ́n mú ìwé ọjọ́ ìbí wọn àti nọ́ńbà NIN wọn dání, ká bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọ̀rọ̀ físà ò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀.